Àárẹ̀ Tí Oorun Kì Í Mú Lọ: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Àìsàn Pánkíríásì Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ Ń Bá Fínra

Ẹni tó bá sùn láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀, tó jí, tí kò sì lè gbé korobá omi kan dé balùwẹ̀ láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, ó mọ irú àárẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹni tó ti oko dé. Ẹni tó ti oko dé, bó bá jẹun tó sùn, ara rẹ̀ á tún le. Tiwa yìí, oorun kì í mú un lọ, oúnjẹ gan-an sì lè dá kún un.

Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń bá àìsàn yìí yí. Ọdún méjì àkọ́kọ́, oògùn ọgbẹ́ inú àti oògùn ibà ni mò ń gbé mì, láti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn, kí síkáànù tó fi hàn pé òkúta wẹ́wẹ́ ti ṣù jọ sínú pánkíríásì mi. Láàárín ọdún méjì yẹn, mo rù tó kílò 14. Àwọn kan ní mò ń mutí ní kọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò mutí rí. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni mí. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbi tí mo wà nígbà yẹn, tí wọ́n jókòó sílé ní Ìlawẹ̀ tàbí Ọmùò, tí wọ́n ń fara da ohun tó ní ìtọ́jú.

Bí ẹ kò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ohun tí mo kọ, ẹ rántí eléyìí: ẹ má fara da àárẹ̀ tí ẹ kò tíì wá ìdí rẹ̀. Dókítà yín ló máa sọ oògùn tó yẹ yín àti ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tí mo kọ síbí wà fún ohun tí ẹ ó máa ṣe nílé, àti ìbéèrè tí ẹ ó gbé lọ bá a.

Ohun tó bàjẹ́ nínú wa

Pánkíríásì, tí àwọn dókítà ń kọ ní pancreas sínú fáìlì wa, nà gbọọrọ sẹ́yìn àpò oúnjẹ. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń tú oje sínú ìfun, oje yìí ló ń da ọ̀rá, ẹran àti iṣu tí a jẹ. Ó sì tún ń tú ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀, kí ṣúgà ara má baà kọjá ààlà. Bó bá ń wú lemọ́lemọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ á máa di àpá, bí ibi tí iná jó lára ṣe ń di àpá. Àpá kì í tú oje. Oúnjẹ á wọlé, á jáde, ara kò ní rí i lò. Èèyàn lè jẹ iyán àwo méjì kí ebi ṣì máa pa ẹran ara rẹ̀.

Ọtí àti sìgá wà lára ohun tó ń fà á jù lọ, pàápàá bí méjèèjì bá pàdé lára ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe ẹni tí kò fẹnu kan èyíkéyìí nínú wọn. Ó lè wá láti inú ìdílé. Ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lè fà á, kálísíọ́mù tó pọ̀ jù lè fà á, nígbà mìíràn ara fúnra rẹ̀ ló ń gbógun ti ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, oríṣi kan wà tó ń mú ọ̀dọ́, tó ń kó òkúta jọ, tó sì máa ń di ìtọ̀ ṣúgà. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1969, àwọn dókítà ní Ìbàdàn kọ ìròyìn nípa aláìsàn 45 tí òkúta wà nínú pánkíríásì wọn. Nígbà kan, àwọn onímọ̀ fura sí ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń dá yín lẹ́bi pé gaàrí tí ẹ mu nígbà tí ẹ wà níléèwé ló dé, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ìdí àárẹ̀ náà

Ẹ ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí ọmọ iléèwé ń lò. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ohun tí ẹ jẹ àti aago tí ẹ jẹ ẹ́, bí ìrora ṣe tó láti 0 dé 10, bí ẹ ṣe sùn sí, aago tí agbára tán lára yín, àti bí ìgbẹ́ yín ṣe rí.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ojú ń ti àwọn èèyàn láti sọ, òun ló sì ń sọ òtítọ́ jù. Ọ̀rá tí kò dà ló ń bá ìgbẹ́ jáde: á funfun tàbí kó di ofeefee, á máa léfòó, á máa rùn kọjá ti tẹ́lẹ̀, á lẹ̀ mọ́ àwo ilé ìgbẹ́, nígbà mìíràn ẹ ó rí epo tó dà lójú omi. Bó bá jẹ́ ṣáláńgá lẹ ní nílé, ẹ kò lè rí gbogbo èyí. Ẹ lo póò ọmọdé fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ lè wò ó dáadáa. Ọdún méjì tí wọ́n fi ń tọ́jú mi fún ohun tí kò ṣe mí, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rẹ̀, èmi náà kò sì sọ. Bí mo bá ti sọ ọ́ ni, ìtọ́jú mi ì bá ti yára bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ìwé yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì bèèrè fún àwọn àyẹ̀wò tó bá àárẹ̀ mu. PCV á sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó. Ṣúgà tí wọ́n yẹ̀ wò kí ẹ tó jẹun láàárọ̀, pẹ̀lú HbA1c tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Fítámì D àti B12, àti magnesium, nítorí a máa ń pàdánù wọn. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní elastase, tó ń sọ bóyá pánkíríásì ṣì ń tú oje. Bí kò bá sí nítòsí, dókítà lè fi ohun tó rí lára yín àti bí oògùn ṣe ṣiṣẹ́ fún yín mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà pẹ̀lú. Nílẹ̀ wa, ibà la máa kọ́kọ́ pe gbogbo àárẹ̀, èèyàn á sì lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún láìṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ẹni tí pánkíríásì ń dà láàmú náà ń ní ibà, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má méfò.

Ní Èkìtì, ẹ lè gba ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà yín lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ bèèrè fún ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn inú. Bí ẹ bá wà lórí ètò adójútòfò ìlera, yálà ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀, ẹ béèrè ohun tó bò kí ẹ tó sanwó àyẹ̀wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lo kápúsù oje náà bó ṣe yẹ ká lò ó

Bí pánkíríásì kò bá tú oje mọ́, a ó gbé oje mì. Kápúsù ni wọ́n kó o sí, Creon ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Kò sí ohun mìíràn tó gbé agbára mi dìde tó o. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo fi lò ó lásán, nítorí mo ń lò ó bí ẹni ń lo Panadol: kan láàárọ̀, kan lálẹ́, yálà mo jẹun tàbí mi ò jẹun. Bí wọ́n ṣe ń lò ó rèé.

Òkèlè àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi gbé e mì. Bó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ lo kan nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lo ìyókù láàárín oúnjẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pò mọ́ oúnjẹ nínú ìfun; bí ẹ bá lò ó ní wákàtí kan ṣáájú tàbí lẹ́yìn oúnjẹ, wọn kò ní pàdé.

Àwọn dókítà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 40,000 sí 50,000 ìwọ̀n lipase, èyí tó ń da ọ̀rá nínú oje náà, fún oúnjẹ gidi, ìdajì rẹ̀ fún ìpápánu. Nọ́ńbà ara páálí ló ń sọ iye tó wà nínú kápúsù kan: 10,000 ni òmíràn, 25,000 ni òmíràn. Mo ti rí ẹni tó ń lo kápúsù 10,000 kan ṣoṣo sí iyán àti ẹ̀gúsí, tó wá ní oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Kò tó ni. Bí ìgbẹ́ bá ṣì ń léfòó, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó wo ìwọ̀n náà. Ó lè fi oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù kún un, irú bí omeprazole, nítorí omi kíkan náà ń ba oje jẹ́.

Ẹ má rún un lẹ́nu. Ẹni tí kò lè gbé kápúsù mì lè tú u, kó da àwọn hóró inú rẹ̀ sórí nǹkan rírọ̀ tó kan díẹ̀, bíi yógọ́ọ̀tì, kó sì gbé e mì lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ògì gbígbóná, kì í ṣe tíì. Ooru ń pa á. Nítorí ooru yìí kan náà, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ má gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Inú àpótí aṣọ nínú yàrá tó tutù jù nílé ni tèmi ń gbé.

Inú ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú oje yìí wá. Mo sọ ọ́ kí ó má baà jẹ́ ẹ̀yìn ọ̀la lẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ẹ sì jù ú nù. Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín kò gba ẹlẹ́dẹ̀, ẹ bá àáfà tàbí olùṣọ́ àgùntàn yín sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àáfà tó mọ̀wé gbà pé oògùn tí kò ní àrọ́pò kò sí lábẹ́ èèwọ̀ fún aláìsàn.

Ó wọ́n, kì í sì í sí ní gbogbo kẹ́mísì. Ìgbà tó bá ku ti ọ̀sẹ̀ méjì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Bí owó kò bá tó fún gbogbo oúnjẹ, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ jọ pinnu oúnjẹ tí ẹ ó lò ó sí. Èyí tó ní ọ̀rá àti ẹran nínú ló nílò rẹ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹun kékeré, ẹ jẹun léraléra, ẹ má sá fún epo pátápátá

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn aládùúgbò máa sọ fún yín ni pé kí ẹ má jẹ epo mọ́. Èmi náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù: ẹ̀fọ́ sísè pẹ̀lú iyọ̀, iṣu funfun, ẹ̀kọ. Mo rù sí i. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn yìí kò sọ ọ́ mọ́ pé kí gbogbo aláìsàn yọ ọ̀rá kúrò nínú oúnjẹ. Ìgbà tí kápúsù tó ìwọ̀n, tí ìgbẹ́ ọlọ́ràá kò sì dáwọ́ dúró, ni wọ́n ń dín in kù. Ẹni tó ń rù nílò epo. Ohun tó yẹ ká yẹra fún ni kí ọ̀rá púpọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà: dòdò tó mu epo, àkàrà mẹ́fà lójókòó kan, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí epo bo ojú rẹ̀ bí òkun. Ẹ fi ṣíbí wọn epo tí ẹ ń dà sí ìkòkò, ẹ má fojú díwọ̀n.

Iyán ń kọ́? Mi ò lè bá ará Èkìtì sọ pé kó fi iyán sílẹ̀, kò sì pọn dandan. Wàhálà wà nínú bó ṣe tóbi tó àti aago tí a jẹ ẹ́. Iyán tó tó ìkúùkù ọwọ́ yín, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ẹja tàbí ìgbín tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ó dára. Àwo ràgàjì ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ sì lọ sùn, ẹ ó fi òru jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ń jẹun lójúmọ́. Aago méje: ògì pẹ̀lú mílíìkì àti mọ́ínmọ́ín kan. Aago mẹ́wàá, nígbà ìsinmi níléèwé: ẹyin sísè àti búrẹ́dì. Aago kan: iyán tàbí ìrẹsì kékeré, ọbẹ̀ àti ẹja. Aago mẹ́rin: yógọ́ọ̀tì, tàbí wàrà tí mo fi ata díẹ̀ sè. Aago méje alẹ́: ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹran tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀. Bí ebi bá tún ń pa mí kí n tó sùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Ohun tó ń gbé ara ró ni mo fi ń ṣáájú nínú àwo: ẹja, ẹyin, ẹran, mọ́ínmọ́ín, kí n tó fọwọ́ kan òkèlè, nítorí ikùn wa máa ń tètè kún.

Ohun kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: oúnjẹ oníhóró líle àti ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ, tí wọ́n ń yìn fún gbogbo ayé, lè má bá wa lára mu bó bá pọ̀. Ó ń dí oje kápúsù lọ́wọ́, ó sì ń fa ikùn wíwú. Ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ lọ̀ fún mọ́ínmọ́ín máa ń rọ̀ mí lára ju ẹ̀wà sísè lọ.

Ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, aago kan náà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Fítámì A, D, E àti K ń bá ọ̀rá rìn, nítorí náà ara wa kì í rí wọn gbà dáadáa, eegun a sì máa gbó kíá. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ èyí tí ẹ ó lò, nítorí àwọn kan nínú wọn ń di májèlé bó bá pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìrora

Ìrora yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè ikùn, lábẹ́ àyà, á sì gba inú lọ sí ẹ̀yìn bí ẹni fi ọ̀pá gún ni. Oúnjẹ máa ń ru ú sókè, dídùbúlẹ̀ gbalaja máa ń mú un le sí i. Nítorí náà, bó bá dé, ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn. Àwọn kan máa ń fẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí wọ́n ká orúnkún dé àyà. Ẹ fi omi gbígbóná sínú rọ́bà, ẹ fi tọ́wẹ́ẹ̀lì wé e kó má baà bó yín lára, ẹ gbé e lé ikùn tàbí ẹ̀yìn fún ogún ìṣẹ́jú. Àwọn kan gbà mí níyànjú pé kí n lọ wẹ̀ nínú omi Ìkọ̀gòsì, mo lọ. Ibẹ̀ tura, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà sì tú ẹ̀yìn mi tó ti gan. Kò kan pánkíríásì mi. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ fún ìtura, kí ẹ mú kápúsù yín dání.

Paracetamol ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún ni. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá 4,000 mílígíráàmù lójúmọ́, ìyẹn hóró mẹ́jọ tó jẹ́ 500. Ẹni tó ti rù gan-an, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá, kò gbọ́dọ̀ lò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn yín, nítorí paracetamol máa ń wà nínú wọn. Ní ti ibuprofen, diclofenac àti Alabukun, ẹ má sọ wọ́n di oúnjẹ. Wọ́n ń dá ọgbẹ́ sí inú, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Tramadol ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Dókítà lè kọ ọ́ fún yín, ó sì ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye tó wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó ń di bárakú, ó ń fa inú gbígbẹ àti òòyì, ó sì wà lára ohun tó ń fa àárẹ̀ tí a ń sá fún yìí. Bí èyí tí dókítà kọ kò bá ran ìrora mọ́, ẹ má ṣe é ní ìlọ́po méjì fúnra yín. Ẹ padà lọ. Oògùn mìíràn wà. Ẹ lè rí amitriptyline nínú ìwé yín, kí ẹnì kan sì sọ pé oògùn ọpọlọ ni. Wọ́n ń fi í tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì lóòótọ́, àmọ́ ní ìwọ̀n kékeré, ó ń mú iṣan tó ń gbé ìrora rọlẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn sùn. Àwọn kan sì wà tí òkúta dí ojú ọ̀nà oje wọn, tí ó jẹ́ pé kí wọ́n yọ ọ́, tàbí iṣẹ́ abẹ, ló máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní kùtùkùtù, ẹ má dúró di ìgbà tí oògùn ìrora bá ti di ọ̀gá yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ pín agbára yín bí ẹni pín owó oṣù

Ìwé kékeré yẹn á ti sọ aago tí agbára yín pọ̀ jù. Tèmi ni aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀. Mo lọ bá ọ̀gá iléèwé wa, mo fi ìwé dókítà hàn án, wọ́n sì kó àwọn kíláàsì mi sí àárọ̀. Mo ń jókòó kọ́ àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó bu mí kù nítorí rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá kan lójúmọ́, kò gbọ́dọ̀ di méjì. Bí ẹ bá máa lọ sọ́jà Ọba l'Ádó, ẹ má fọṣọ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gún iyán. Ẹ wẹ̀ lórí àpótí ìjókòó. Ẹ sinmi kí ó tó rẹ̀ yín, fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ ká ìrọ̀rí sẹ́yìn; ẹni tó bá dúró dìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ tán á fi ọjọ́ méjì san án.

Bákan náà, ẹ má dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹran ara tí a kò lò ń yọ́. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti dà díẹ̀, lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kì í ṣe òkè. Ní ìlú bíi Ẹ̀fọ̀n tí òkè yí ká, ọgbà ilé ìjọsìn tàbí pápá iléèwé ló dára. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọtí àti sìgá

Kò sí díẹ̀ níbí. Bíà, ẹmu, ògógóró, wáìnì ilé ìjọsìn, àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ, páragà ojú títì: gbogbo wọn ń jó ibi tó ṣẹ́kù lára pánkíríásì. Sìgá náà ń jẹ́ kí òkúta yára kó jọ, kódà lára ẹni tí kò mutí. Bí ẹ bá ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́, ẹ má já a lójijì nílé. Ara lè gbọ̀n, gìrì lè mú ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín dín in. Níbi òkú àgbà tí wọ́n bá ti ń fi ẹmu lé yín lọ́wọ́, "dókítà ti fòfin dè é" tó. Ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé mìíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: ṣúgà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìtọ̀ ṣúgà máa ń bá nígbẹ̀yìn. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀: ibi tó ń tú ínsúlínì bàjẹ́, ibi tó ń tú glucagon, èyí tó ń gbé ṣúgà sókè nígbà tó bá lọlẹ̀, náà bàjẹ́. Nítorí náà, bí ẹni tó ń lo ínsúlínì kò bá jẹun, ṣúgà rẹ̀ lè já lulẹ̀ wìì. Òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ebi òjijì, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara: ẹ yẹ ṣúgà wò. Bó bá wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL, tàbí tí ẹ kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà tó kún sínú ìdajì ife omi, ẹ mu ún, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá jẹun. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ààwẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ tó gba sùúrù. Mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta rí kí ara mi lè yá, orí àga ìjọ ni mo dákú sí. Kí ẹ tó gbààwẹ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ fún olórí ẹ̀sìn yín pé oúnjẹ wà lára oògùn yín. Ẹ máa gbàdúrà o. Ẹ má fi oògùn sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Àwọn ará ilé

Àárẹ̀ kò hàn lójú bí ẹsẹ̀ tó kán. Ìyàwó mi kò mọ̀ pé mi ò lè dìde, ó rò pé mo ń bínú ni, èmi náà rò pé ó ti sú u. Ọjọ́ tí mo mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà ni ọ̀rọ̀ yé àwa méjèèjì. Ẹ mú ẹnì kan nínú ilé dání. Kí àwọn ọmọ mọ orúkọ àìsàn náà. Bó bá wá jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ yín mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí ẹ ń sunkún, tàbí tí ẹ̀mí yín ń sọ pé ikú yá, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ ṣe ń sọ ìrora. Ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá àìsàn yìí rìn, ó ní oògùn, òun fúnra rẹ̀ sì ń mú àárẹ̀ wá.

Ìgbà tí a kì í dúró di àárọ̀

Ẹ gbéra lọ sílé ìwòsàn bí ìrora bá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ tí oògùn kò sì ràn án; bí ẹ bá ń bì tí omi kò dúró nínú; bí ibà bá gun ìrora; bí ẹyin ojú bá di ofeefee; bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà; bí ọkàn bá dàrú. Bí ẹ bá ń rù láìsí ìdí tuntun, tí kápúsù ti tó ìwọ̀n, ìyẹn kì í ṣe ti òru, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n yà yín ní síkáànù láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Ẹ múra ọ̀nà náà sílẹ̀ nígbà tí ara bá ṣì le. Báàgì mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ẹ̀dà ìwé síkáànù, orúkọ gbogbo oògùn tí mò ń lò, káàdì adójútòfò, kápúsù ọjọ́ mẹ́ta, ṣúgà díẹ̀, aṣọ kan, àti owó mọ́tò. Nọ́ńbà aládùúgbò méjì tó ní ọkọ̀ ni ìyàwó mi fi máákà kọ sára ògiri lókè báàgì náà, nítorí ọlọ́kadà kò lè gbé ẹni tó ká bọnbọ láàárín òru.